Ẹ̀rọ Ìlọkọfí Pàpá Ignatius

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, lẹ́tà kan dé láti Kàdúná sí ọ́fíìsì àwọn elétò ọ̀gbìn ní Ọ̀wọ̀. Agatha, akọ̀wé tó ń tẹ òǹtẹ̀ sórí fáìlì níbẹ̀, ló ni lẹ́tà náà. Nígbà tó já a, káàdì ìgbéyàwó ló bọ́ síta. Orúkọ Láníyì ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ obìnrin kan tí Agatha kò gbọ́ rí. Láníyì yìí kan náà sì ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn Agatha ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kó tó gba iṣẹ́ lọ sí òkè Ọya. Ọdún márùn-ún ni Agatha fi ń dúró dè é, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bímọ lé ọmọ. Ó ka káàdì náà tán, ó dá a padà sínú àpò rẹ̀, ó sì tẹ òǹtẹ̀ sórí fáìlì tó kàn.

Kò sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ obìnrin, ẹ mọ̀ pé ibi tí ewu wà nìyẹn. Màmá rẹ̀, Theresa, ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tó mọ̀ jọ, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò tù nínú. Agatha jẹun nígbà oúnjẹ, ó sùn nígbà oorun, ó lọ sí Mísà ní ọjọ́ Àìkú. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Bí wọ́n bá sọ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ó rí i pé àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti kú típiri.

Bàbá rẹ̀ ni Pàpá Ignatius, tó ti ṣe kúùkù fún ọdún mọ́kànlá lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Ítálì tó ń la ọ̀nà títì. Nígbà tí wọ́n ń kó lọ, wọ́n fi ìkòkò kọfí kékeré kan ta á lọ́rẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọkọfí alápótí tí à ń fọwọ́ yí. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í bá Pàpá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó tó mu kọfí dúdú kíki tí àwọn Ítálì ń pè ní ẹsipẹrẹ́sò. Ife rẹ̀ kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ṣùgbọ́n àlejò tó bá mu ún kò ní fojú kan oorun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Pàpá ní igi kọfí díẹ̀ nínú oko rẹ̀ ní Ìmẹ̀rí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yan èso rẹ̀ nínú agbada. Àwọn ará àdúgbò ní èédú ni bàbá náà ń mu.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, eyín ẹ̀rọ àwọn Ítálì jẹ tán pátápátá.

“Agatha,” ni Pàpá wí, “bá mi wá òmíràn lọ́jà. Àmọ́ kó má wọ́n o. O mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì wa kò tíì jáde.”

“Ó dáa, sà.”

Bí wọ́n bá ní kó lọ wá ọsàn lórí òrùlé, bákan náà ni ì bá dáhùn. Ó dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta nǹkan ilé òyìnbó. Wọ́n ní ìlọkọfí kékeré kan tó dára, ṣùgbọ́n owó oṣù Agatha mẹ́ta kò lè rà á. Ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n gbé bùlẹ́ńdà oníná síwájú rẹ̀. Kò sí iná lọ́jọ́ náà, ni oníṣọ́ọ̀bù bá ní kó gbé e sọdá sọ́dọ̀ Rùfáì tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe lódìkejì, torí Rùfáì ní jẹnẹrétọ̀, yóò bá a tàn án wò.

Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlógójì ni Rùfáì. Ìyẹ̀fun irin bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó gba bùlẹ́ńdà náà, ó yọjú sí inú rẹ̀, kò tàn án.

“Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi lọ̀?”

“Kọfí.”

“Kọfí? Ẹ dá a padà fún oníǹkan. Abẹ ló wà nínú eléyìí. Abẹ máa ń gé nǹkan ni, kì í lọ̀ ọ́. Apá kan á di ẹ̀lùbọ́, apá kan á wà ní hóró-hóró. Báwo lẹ ṣe ń sè é?”

Agatha ṣàlàyé fún un pé omi ló máa ń wà nísàlẹ̀ ìkòkò náà, kọfí lílọ̀ á wà láàárín, bí omi bá sì hó, ooru rẹ̀ á tì í gba inú kọfí kọjá lọ sókè. Rùfáì tẹ́tí, ó sì ń mi orí.

“Ó ti yé mi. Tó bá kúnná jù, omi ò ní rọ́nà gbà. Tí kò bá kúnná tó, omi á kàn sáré kọjá, kò ní mú nǹkan kan dání.” Ó fa ẹ̀rọ àfọwọ́yí kan jáde lábẹ́ tábìlì, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ etí àga láti fi lọ àgbàdo. “Eléyìí pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n. Eyín rẹ̀ ló kàn fẹ̀ jù. Màá fín eyín wẹ́wẹ́ sí i, màá wá fi ìdè kan sí i lẹ́yìn, kí Bàbá lè máa fún un tàbí kí wọ́n máa dẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n kò ní bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ó máa mú kọfí díẹ̀ wá, màá lọ̀ ọ́, ẹ ó gbé e lọ sílé. Ohun tí Bàbá bá sọ, ẹ wá sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni Agatha ṣe di alárinà láàárín ọkùnrin méjì tí kò mọ ara wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á gbé kọfí tí wọ́n fi bébà pọ́n dé, Pàpá á sè é, á tọ́ ọ wò, á wá dájọ́.

“Sọ fún un pé omi ń sáré.”

Rùfáì á fún ìdè náà díẹ̀.

“Sọ fún un pé ó ti di ẹrẹ̀, ìkòkò ń bínú.”

Rùfáì á dẹ̀ ẹ́, á tún eyín náà fín. Ní Sátidé kan, Pàpá gbé ife sílẹ̀, ó wo òrùlé. “Ọkùnrin yìí ní sùúrù,” ló wí. “Irú wọn ti tán láyé. Ta ni?”

“Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́jà ni, sà.”

Kò parọ́. Kò kàn rí ìdí tó fi yẹ kí òun fi nǹkan kún un. Kò rí i pẹ̀lú pé Rùfáì ti nu àga kan sílẹ̀, tí kì í jẹ́ kí oníbàárà mìíràn jókòó sórí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò rí i pé “ẹ” ti di “o” lẹ́nu rẹ̀, pé “Àǹtí” ti di “Agatha.” Gbogbo ọjà ló rí i, àfi ẹni tọ́rọ̀ kàn.

Lọ́dún yẹn, ààwẹ̀ Rámádáànì àti ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ti ìjọ Àgùdà bọ́ sínú oṣù kan náà. Ní Sátidé kejì ààwẹ̀, Rùfáì ti fín eyín náà dé ibi tó wù ú. Àṣà àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni pé bí wọ́n bá fín eyín tán, wọ́n á kọ́kọ́ lọ nǹkan gbígbẹ tí kò níye lórí, kó lè kó ìyẹ̀fun irin jáde. Ata gbígbẹ tó ti bà jẹ́ ló wà nítòsí Rùfáì, òun ló lọ̀. Ó nu ẹ̀rọ náà, ó wá da kọfí sí i. Lọ́jọ́ mìíràn, á fi díẹ̀ kan ahọ́n ara rẹ̀ kó tó pọ́n ọn. Àmọ́ ààwẹ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.

“Agatha, ààwẹ̀ tiyín kò kan ahọ́n. Jọ̀ọ́, bá mi tọ́ ọ wò.”

Agatha fi ìka bù ú, ó fi sí ẹnu.

“Ó dára.”

Rùfáì gbà á gbọ́, ó pọ́n ọn fún un.

Nígbà tí Pàpá mu kọfí náà nílé, ikọ́ gbé e lulẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà nímú rẹ̀. “Ata!” ló ń pariwo. “Ata ni! Wọ́n fẹ́ pa mí!” Theresa fi ìka kan ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù, ó tu ú dànù kíá.

“Agatha,” ni ìyá rẹ̀ wí, “ṣé ẹnikẹ́ni kò tọ́ ọ wò níbẹ̀ ni?”

“Èmi ni mo tọ́ ọ wò, mà.”

“Ìwọ? Ata ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

Pàpá nu imú rẹ̀. Ó nawọ́ mú bébà náà, ó da gbogbo ìyókù sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀. Agatha dà á sẹ́nu, ó rún un, ó gbé e mì. Àwọn méjèèjì ń wo ojú rẹ̀. Ojú náà kò yí padà. Theresa wólẹ̀ sórí àga, ó fi gèlè bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Agatha dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí àánú ìyá òun ṣe òun, kò kàn rí àánú náà níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Rùfáì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀bẹ̀ nítorí Bàbá, ó wá jókòó.

“Nígbà tí ìyàwó mi kú,” ló wí, “lórí ìkúnlẹ̀ ni, òun àti ọmọ. Ọdún kẹfà rèé. Mo ń jó irin lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ òórùn ẹran tó ń jóná. Mo ń wò kiri pé ta ló ń sun ẹran. Ọwọ́ mi ni.”

“Báwo lo ṣe wá sàn?”

“Mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan ṣá, gbogbo rẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.”

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹ̀rọ náà bọ́ sí i. Pàpá mu ife kìn-ín-ní, ó mu ìkejì, ó kọrin Látìnì. Owó tó san kò tó ìdajì ìdajì owó tòyìnbó, ó sì ń fi í yangàn fún gbogbo ẹni tó bá yà wọ ilé. Iṣẹ́ parí. Kò tún sí ohun tí Agatha ń wá lọ sọ́jà mọ́. Síbẹ̀ nígbà tí Sátidé dé, ó bá ara rẹ̀ lórí àga tí Rùfáì nù sílẹ̀. Kò lè sọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Rùfáì kò bi í. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó ní ọ̀pọ̀ Sátidé fún bí ọdún kan, òun ń fín irin, obìnrin náà ń wo títì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1994, Rùfáì gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

“Agatha, mo fẹ́ fẹ́ ọ.”

“Kò sí nǹkan kan nínú mi tí mo lè fún ọ.”

“Mo mọ̀. Mi ò bèèrè.”

“Nígbà náà, wá bi wọ́n nílé,” ni Agatha wí, bí ẹni tó ń sọ fún àgbẹ̀ kan ní ọ́fíìsì pé kó gba fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tó ń lọ sílé, ó ń wá inú ara rẹ̀ kiri. Ṣé ayọ̀ rèé? Kì í ṣe ayọ̀. Ṣé ẹ̀rù ni? Kì í ṣe ẹ̀rù. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni pé kò fẹ́ rẹ́ ọkùnrin náà jẹ.

Alárinà tí Rùfáì rán ni Àbẹ̀ẹ́bí, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ni, ó sì kí Pàpá Ignatius ní ìdílé-ìdílé kó tó dárúkọ ohun tó bá wá.

“Rùfáì?” ni Pàpá wí. “Ìmàle? Èmi tí mò ń ka ìwé mímọ́ níwájú Fadá?”

“Ọmọ Ọ̀ghọ̀ ni, Bàbá Agatha,” ni Àbẹ̀ẹ́bí wí, ó ń pe Ọ̀wọ̀ bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pè é. “ Ọmọ Ọ̀ghọ̀ bíi tiyín.”

“Mi ò sọ pé kì í ṣe ọmọ Ọ̀ghọ̀.”

“Ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì yín yẹn ńkọ́? Ẹ bi ọmọ yín léèrè ẹni tó ṣe é.”

Pàpá wo ẹ̀rọ náà, ó wo Agatha, ó tún wo ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin tó ti ń yìn láti oṣù kìn-ín-ní èṣí ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó wá dà bíi pé inú ń bí i sí ara rẹ̀.

Theresa ló sọ̀rọ̀, ó kọjú sí Àbẹ̀ẹ́bí. “Màmá, kì í ṣe ẹ̀sìn ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ wa yìí kò sí nílé. Ara rẹ̀ nìkan lẹ rí tó jókòó yìí. Ṣé ẹ fẹ́ fi àpótí òfìfo ránṣẹ́ sí ọmọ yín, kó wá ṣí i lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kó máa bú wa?”

“Ó dáa,” ni Pàpá wí. “Agatha, dìde. Bí o bá lè fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé ọkùnrin yìí wù ọ́, màá lọ bá Fadá, màá bá a jà. Sọ ọ́.”

Agatha mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Àbẹ̀ẹ́bí ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Irọ́ kékeré ì bá tó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè fi oṣù mẹ́ta fín eyín ẹ̀rọ nítorí ife kọfí kan kò yẹ lẹ́ni tí à ń parọ́ fún.

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Ẹ ti gbọ́,” ni Pàpá wí.

Rùfáì kò jà. Ó ránṣẹ́ pé òun dúpẹ́. Agatha kò lọ sọ́jà mọ́, kò sì dùn ún. Ó ń tẹ òǹtẹ̀, ó ń jẹun, ó ń lọ sí Mísà. Òjò rọ̀, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù kẹta ọdún 1995, Àbẹ̀ẹ́bí wọ ọ́fíìsì. Kò jókòó.

“Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni wàá ti gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, à ń lọ sí Òkelùsé láti tọrọ Ọmọ́yẹlé fún Rùfáì. Ọmọ dáadáa ni. Rùfáì kò kọ̀, kò gbà. Ó ní ohun tí mo bá ṣe, òun fara mọ́ ọn.”

“Ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere.”

Ó tẹ òǹtẹ̀ lé fáìlì tó kàn. Fáìlì mẹ́rìnlá ló ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣì ọ̀kan tẹ̀.

Ní ọjọ́rú, ó jí pẹ̀lú ìrora láyà. Ó ní ibà ni. Ó gba kolorokúìnì, ó lò ó. Ní ọ̀sán, ìrora náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó lọ sí dìsípẹ́ńsárì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Veronica fi ìwọ̀n ìgbóná ara sí i lábẹ́ ahọ́n.

“Ara rẹ kò gbóná o. Níbo ló ń dùn ọ́?”

“Ibí. Ibí náà. Ibi gbogbo.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan.”

Nọ́ọ̀sì wò ó lọ́nà tí àgbà obìnrin fi ń wo ọmọdé tó ń purọ́, ó sì ní kó lọ sinmi. Agatha ò tíì mọ̀. Ìwọ̀n náà kò lè sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kolorokúìnì ò lè wò ó. Ẹni tó ti gbàgbé bí nǹkan ṣe ń dunni, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, oògùn ibà náà ni yóò kọ́kọ́ wá lọ.

Ní ọjọ́bọ̀, kò lè tẹ òǹtẹ̀ mọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí aago ń lù mẹ́ta. Lọ́nà, ó rí i pé òun ti ń ka wákàtí tó kù kí Jímọ̀ tó mọ́. Ibẹ̀ ló ti dúró lójú títì, tí àwọn ènìyàn ń yà fún un, nítorí ìgbà yẹn ló yé e.

Pàpá wà nílé, ó ń yí ẹ̀rọ.

“Pàpá, ó ń dùn mí.”

“Ṣé o lo oògùn náà?”

“Kì í ṣe ibà, sà.”

“Kí wá ni?”

“Wọ́n ń lọ sí Òkelùsé lọ́la.”

Ọwọ́ Pàpá dúró. Agatha fẹ́ fi nǹkan kún un, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde, ẹkún tó ti yẹ kó sun láti ọdún 1992 àti gbogbo èyí tó ti kó jọ lé e. Ó kúnlẹ̀, ó fi orí lélẹ̀, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́. Theresa sáré jáde láti ìdí ààrò. Nígbà tó rí i, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà Mímọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà.

Pàpá dìde, ó bọ bàtà, ó dé fìlà tó fi ń lọ sí Mísà.

“Theresa, níbo ni ilé àwọn Rùfáì wà?”

“Bàbá Agatha! Ta ló ń rí bàbá ọmọbìnrin nílé ọkọ àfẹ́sọ́nà? Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí láé.”

“Mo mọ̀,” ni Pàpá wí. “Agatha, dìde, ká lọ.”

Wọ́n gba àárín ìgboro kọjá nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, bàbá níwájú, ọmọ tí ojú rẹ̀ wú lẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n kí wọn, wọ́n sì yíjú wo ẹ̀yìn wọn. Lójúde ilé àwọn Rùfáì, lọ́dọ̀ Àbẹ̀ẹ́bí, obì ọ̀la ti wà nínú àwo, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Rùfáì ń ká ẹní ìkírun rẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

“Bàbá Agatha?” ni Àbẹ̀ẹ́bí wí, ó dìde. “Ṣé kò sí o?”

“Mo wá tọrọ ọmọ.”

“Ọmọ wo?”

“Rùfáì.” Ohùn Pàpá kò lágbára. “Mo wá tọrọ rẹ̀ fún Agatha. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣì wà níbẹ̀, kò tíì kúrò lọ́kàn mi, màá bá yín jà lé e lórí títí yóò fi sú yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi sunkún lónìí.”

Rùfáì ju ẹní sílẹ̀. Kò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Iwájú Agatha ló lọ, ó ń wo ojú rẹ̀.

“Kí ló ṣe ọ́?”

“Ó ń dùn mí,” ni Agatha wí. “Rùfáì, ó ń dùn mí gan-an.”

Rùfáì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Àbẹ̀ẹ́bí wo àwọn méjèèjì, ó wo àgbàlagbà tó dúró nínú eruku pẹ̀lú fìlà Mísà lórí. Ó gbé àga, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún.

“Bàbá Agatha, ẹ wọlé, ẹ jókòó,” ló wí. “Ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í dúró lójúde.”